Kí Wọ́n Tó Pa Ìlà 55 Rẹ́

Bí ẹ bá rí àwọn géńdé tó dé akoto lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ẹ má tíì sọ pé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, Kánádà náà ní tiẹ̀. Ẹ wo àárín pápá ná. Bó bá jẹ́ 50 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn iye yáàdì láti ibẹ̀ dé ìlà góòlù, Amẹ́ríkà ni lóòótọ́. Bó bá jẹ́ 55, Kánádà ni. Ẹ tún wo òpó góòlù. Ti Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ti Kánádà dúró sórí ìlà góòlù gan-an, ẹni tó bá ń sáré tí kò wojú ọ̀nà á forí sọ ọ́.

Àmì méjèèjì ló ń lọ. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Stewart Johnston, kọmíṣọ́nà CFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù yìí ní Kánádà, kéde pé tó bá di sáà 2027, pápá tó gùn ní yáàdì 110 yóò di 100. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlà góòlù, tí wọ́n ń pè ní end zone, tó jìn ní yáàdì 20, yóò di 15. Òpó góòlù yóò kúrò lórí ìlà, yóò bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà funfun àti irin lásán ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kánádà, ìwọ̀n pápá ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù, òun náà ló ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ kan lè fi ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Yáàdì kan ni ọ̀pá kan lọ́wọ́ àwọn aláṣọ. Láti ìlà góòlù kan sí èkejì, pápá Kánádà jẹ́ yáàdì 110. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Ẹ fi end zone méjèèjì kún un, gígùn rẹ̀ di 150, ìyẹn nǹkan bíi mítà 137. Ti Amẹ́ríkà kò ju 120 lọ lápapọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 53 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí FIFA ń lò fún ìdíje ńlá jẹ́ mítà 105 sí 68. Ìyẹn ni pé ti Kánádà fi bíi mítà 32 gùn jù ú lọ, ó sì fi bíi mítà 9 tín-ín-rín jù ú. Ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ẹlòmíì kì í bá irú ara yìí mu, ẹ máa rí i tá a bá dé ọ̀rọ̀ ilé.

Èèyàn 12 ló ń kojú 12, wọ́n fi ẹyọ kan ju Amẹ́ríkà lọ. Ẹgbẹ́ tó mú bọ́ọ̀lù ní ìgbà mẹ́ta péré láti fi sún un síwájú ní yáàdì 10. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ìgbà àkọ́kọ́ bá já sófo, gbèsè yáàdì 10 ṣì wà lọ́rùn. Ẹni tó bá wá gbé bọ́ọ̀lù gba àárín tó rí yáàdì 3, ó ti tán, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi gbá a lọ fún àwọn ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù ju kí wọ́n gbé e sáré lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ń tù wọ́n nínú: àwọn tó ń dènà gbọ́dọ̀ fi yáàdì 1 sílẹ̀ láàárín ara wọn àti bọ́ọ̀lù. Nítorí náà, tó bá ku yáàdì 1 péré ní ìgbà kẹta, quarterback, ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, á gba bọ́ọ̀lù, á tẹrí ba, á rọ́ lu ẹ̀yìn àwọn géńdé rẹ̀, ó ti débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kàn án. Bó bá kùnà, lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀lù ló yọ̀ bọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó wù mí jù nínú eré yìí ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa rìn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń kúrò nílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ máa rìn bọ̀ wá síwájú. Ní Kánádà, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà, yàtọ̀ sí quarterback, ló lè máa sáré bó ṣe wù wọ́n. Waggle ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù á fà sẹ́yìn dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀, ohun tó ń wá ni kí ẹsẹ̀ òun kan ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an tí bọ́ọ̀lù ń kúrò nílẹ̀. Bó bá ṣe é re, eré àsápajúdé ló bá kọjá lára ẹni tó ń ṣọ́ ọ, nígbà tí onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí ìdí padà. Bó bá fi ìwọ̀n bàtà kan yá jù, rẹfirí á ju aṣọ òféèfèé sílẹ̀, yáàdì 5 ni ìyà rẹ̀. Ẹ ò lè ṣe èyí nínú pápá tó há. Yáàdì 65 yẹn ló fún un láyè, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ gé e sí 53 ni màá ké gbàjarè.

Ó wá ku òpó góòlù. Ẹni tó ń gbá field goal, ìyẹn fífẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún póìǹtì 3, ń dúró ní bíi yáàdì 7 sẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà ní ìlà 30, ìyẹn yáàdì 30 sí ìlà góòlù, ẹ ro 30 mọ́ 7: yáàdì 37 ló máa gbá a. Iṣẹ́ òòjọ́ ni fún un. Ní 2027, end zone á wọ àárín òun àti òpó: 30, 7 àti 15 jẹ́ 52. Ìyẹn ti di ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá á máa họ orí kó tó gbà. Líìgì ní òun fẹ́ kí touchdown, ìyẹn mímú bọ́ọ̀lù nínú end zone àwọn alátakò, pọ̀ sí i, pé òpó tó wà láàárín ọ̀nà ń dí àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Òótọ́ ni, bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù máa ń lu irin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan náà wo àṣekágbá ọdún 2009 fún Grey Cup, ife líìgì yìí.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni, ní McMahon Stadium, Calgary. Saskatchewan Roughriders ní 27, Montreal Alouettes ní 25. Aago ti dé òdo. Damon Duval ti Montreal gbá field goal láti yáàdì 43, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ. Àwọn Saskatchewan, aláṣọ ewéko, bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Àfi bí aṣọ rẹfirí ṣe wà nílẹ̀: èèyàn 13 ni Saskatchewan kó sórí pápá. Wọ́n sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10, Duval tún un gbá láti 33, ó wọlé, 28 sí 27. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni wọra ni pé orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ Saskatchewan ń pe ara wọn látọjọ́ tó ti pẹ́ ni ẹnìkẹtàlá. Ẹ wá fi yáàdì 15 kún un bí òpó bá ti wà lẹ́yìn nígbà yẹn: 43 á di 58. Mi ò rò pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan á rán an jáde láti gbá a.

Póìǹtì ẹyọ kan tí wọ́n ń pè ní rouge náà ti gba ìkọ̀lù tirẹ̀. Láyé ìjelòó, bí ẹgbẹ́ kan bá gbá bọ́ọ̀lù wọ end zone, tí àwọn alátakò kò gbé e jáde, póìǹtì 1 ni, ì báà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù náà kàn gba ẹ̀yìn jáde láìkan ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń bínú sí i ní ẹ̀bùn àṣìṣe ni: ẹ gbá field goal, ẹ tàsé, wọ́n tún fún yín ní ẹyọ kan. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 sọ pé bọ́ọ̀lù tó bá ti inú end zone bọ́ síta kò ní póìǹtì mọ́. Ó dìgbà tí ẹni tó mú un níbẹ̀ bá kúnlẹ̀ tàbí tí wọ́n bá gbé e ṣubú. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí a má gbàgbé ohun tí rouge ń bí. Ní oṣù Kẹwàá 2010, Montreal tàsé field goal lórí eré tó kẹ́yìn. Agbábọ́ọ̀lù Toronto tó dúró nínú end zone kò fẹ́ kí wọ́n gba póìǹtì yẹn, ló bá fẹsẹ̀ gbá a jáde. Duval mú un, ó tún gbá a padà. Toronto kò rí i mú dáadáa, Montreal dùbúlẹ̀ lé e nínú end zone, ó di touchdown. Ìgbá mẹ́ta nínú eré ẹyọ kan, láàárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gba owó oṣù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé. Láàárín 1993 sí 1995, líìgì yìí lọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Sacramento, Las Vegas, Shreveport, Baltimore àti àwọn mìíràn. Èyí tó kọ́ wọn lọ́gbọ́n jù ni Memphis. Pápá Liberty Bowl tí wọ́n gbà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́ ọ fún, end zone tó pé kò wọ inú rẹ̀. Baltimore nìkan ló rọ́nà gbé e gbà, ó sì gba Grey Cup 1995 ní Regina, 37 sí 20 lórí Calgary, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kó ẹrù lọ sí Montreal.

Montreal fúnra rẹ̀, orí ló ṣe é. Olympic Stadium ni wọ́n ń lò, ilé tó gba ju 60,000 lọ, ariwo àwọn òǹwòran ibẹ̀ kò sì ju ti ìpàdé ẹbí lọ. Ní 1997, ẹgbẹ́ olórin U2 ti gba ibẹ̀ fún orin, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ komẹ́sẹ̀-ó-yọ ò rí àyè. Wọ́n sáré lọ sí Percival Molson, pápá ògbólógbòó ti yunifásítì McGill lẹ́sẹ̀ òkè Mount Royal. Àwọn èèyàn wá, ibẹ̀ kún, nígbà tó fi máa di 1998 wọ́n ti kó wá síbẹ̀. Ìjókòó ibẹ̀ kò tó 25,000, òkè lẹ máa gùn láti ibùdókọ̀ métro McGill, ẹsẹ̀ á dùn yín. Síbẹ̀, èmi fi í ṣe èkíní nínú gbogbo wọn.

Toronto ní tiwọn wà lábẹ́ òrùlé SkyDome láti 1989, wọ́n kó lọ BMO Field ní 2016. Pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Ẹ rántí mítà 32 tí mo wí lẹ́ẹ̀kan: kò sí níbẹ̀. Wọ́n sọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn góòlù di èyí tó ṣeé ká kúrò, wọ́n tẹ́ koríko àtọwọ́dá sí ìpẹ̀kun, bẹ́ẹ̀ náà ni end zone ibẹ̀ ṣì jẹ́ 18 dípò 20. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 dé, òun àti BC Place, ilé BC Lions, ni FIFA gbà. Wọ́n ní láti tún ìtòlẹ́sẹẹsẹ sáà ṣe yí ọ̀rọ̀ náà ká, BC Lions sì wá ilé alágbàágbé sí Apple Bowl ní Kelowna.

BC Place ní Vancouver yẹ ní sísọ nítorí òrùlé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1983, aṣọ ni òrùlé náà, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Fáànù ńláńlá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé náà kí agbára inú lè ju ti ìta lọ, bíi bàlúù. Àléébù irú ilé bẹ́ẹ̀ hàn lọ́jọ́ 5 oṣù Kínní 2007: òrùlé ya, atẹ́gùn tú, gbogbo rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Wọ́n wá fi òpó àti okùn irin gbé tuntun dúró, èyí tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé pa dé. Lions gbá ní Empire Field, pápá onígbà díẹ̀, títí ìparí oṣù Kẹsàn-án 2011, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn wọ́n gba Grey Cup nínú ilé tuntun náà, 34 sí 23 lórí Winnipeg.

Commonwealth Stadium ní Edmonton ló tóbi jù, ó gba ju 55,000 lọ. Wọ́n kọ́ ọ fún ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ọdún 1978, èyí tí Nàìjíríà kọ̀ láti lọ nítorí pé New Zealand ń bá South Africa aláwọ̀-ìyàsọ́tọ̀ ṣeré. Ẹgbẹ́ ibẹ̀ gba Grey Cup márùn-ún tẹ̀léra, 1978 sí 1982, wọ́n sì wọ ìpele komẹ́sẹ̀-ó-yọ ní sáà 34 láìsinmi, 1972 sí 2005. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló wá pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 22 lẹ́sẹẹsẹ nínú ilé ara rẹ̀, láti 2019 títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2023 tí wọ́n na Ottawa 30 sí 20. Ilé ńlá tí kò kún kì í dẹ́rù ba àlejò. Wọ́n ti wá fi aṣọ bo apá òkè rẹ̀.

Ẹ fi wé Regina, ilé Saskatchewan Roughriders. Gbogbo ìpínlẹ̀ Saskatchewan kò ju bíi mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ èèyàn lọ, Mosaic Stadium tí wọ́n ṣí ní 2017 gba 33,350, àwọn èèyàn sì ń wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin wá síbẹ̀. Àwọn kan á gbẹ́ inú bàrà olómi, wọ́n á fi ṣe akoto. Àwọn ará ìlú ló ni ẹgbẹ́ náà, bíi ti Winnipeg. Kò sí olówó kan tó lè jí lọ́jọ́ kan kó tà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ottawa Rough Riders àti Saskatchewan Roughriders jọ wà nínú líìgì kan náà, bí ẹni tó bí ìbejì tó sọ àwọn méjèèjì ní Táíwò. Ti Ottawa kógbá wọlé ní 1996. Ẹgbẹ́ Redblacks tó wà níbẹ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ní TD Place, níbi tí gbọ̀ngàn hockey wà lábẹ́ ìjókòó apá àríwá.

Ẹgbẹ́ 9 ni gbogbo wọn. Nítorí pé 9 kò pín sí méjì, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sílé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 fi ń gba ọ̀sẹ̀ 21. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ẹnìkẹwàá sí Halifax. Kò sí pápá ìṣeré, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Sáà ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ó ń parí ní oṣù Kọkànlá, nítorí òtútù. Òpin ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ni ẹ lè fi mọ ẹni tó le: Hamilton gba Toronto lálejò, Calgary gba Edmonton, Regina gba Winnipeg, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Winnipeg gbẹ̀san nílé. Ẹgbẹ́ mẹ́ta láti ọ̀wọ́ Ìlà-Oòrùn àti mẹ́ta láti ọ̀wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló ń tẹ̀ síwájú, àyàfi bí ẹni kẹrin nínú ọ̀wọ́ kan bá ní èsì tó dára ju ẹni kẹta ọ̀wọ́ kejì lọ. Á gba ipò rẹ̀. Títí di 2025, kò tíì sí ẹni tó fi ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí dé àṣekágbá. Winnipeg gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún yẹn, Montreal lé wọn sílé. Ó burú fún wọn, torí ilé wọn gan-an ni àṣekágbá wà, wọ́n sì wo Saskatchewan bó ṣe gba ife níbẹ̀, 25 sí 17.

Ojú ọjọ́ ni agbábọ́ọ̀lù kẹtàlá gidi. Ní àṣekágbá Grey Cup 1962 ní Toronto, kùrukùru bo pápá débi pé wọ́n dá eré dúró nígbà tó ku ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 29. Ọjọ́ kejì ni Winnipeg tó fi 28 sí 27 na Hamilton. Ní 1977 ní Montreal, àwọn òṣìṣẹ́ da iyọ̀ sórí òjò dídì kó lè yọ́. Ó yọ́ lóòótọ́, òtútù dé, omi náà dì, pápá di dígí. Àwọn Alouettes wá fi ìbọn pín-ìnnì tí àwọn oníná mànàmáná ń lò gbá pín-ìnnì sí ìsàlẹ̀ bàtà wọn. Wọ́n na Edmonton 41 sí 6 níwájú èèyàn 68,318, kò sì tíì sí Grey Cup tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tiwa tó ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù bíi Tunde Adeleke tàbí Folarin Orimolade lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ lọ wò ó: ẹ má ra ìjókòó ìsàlẹ̀. Pápá yìí fẹ̀ jù, láti ìsàlẹ̀ ẹ ò ní rí waggle, ẹ̀yìn àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ máa wò. Ẹ lọ sókè, sí ẹ̀gbẹ́. Ní Calgary, ọkọ̀ ojúirin Banff Trail ló sún mọ́ McMahon. Ní Edmonton, ibùdó Stadium. Láti oṣù Kẹwàá lọ, ẹ mú páálí dání kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ló ń fa ooru jáde lára bàtà, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Gígùn pápá á ti 150 bọ́ sí 130, ìyẹn ni pé yáàdì 10 á ṣófo ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn òǹwòran àti eré, àyàfi Toronto tí tiẹ̀ máa jẹ́ 8. Calgary ni wọ́n gbé àṣekágbá 2026 fún. McMahon náà ni, pápá tí wọ́n ti ka èèyàn 13 mọ́ Saskatchewan lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa kun 55 kẹ́yìn.